Àpò Náílọ́ọ̀nù Olóògbé: Àlàyé Lórí Next of Kin, Ìwé Ìhágún àti Àṣẹ Ilé Ẹjọ́

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mọ̀lẹ́bí kan láti Ìgbógbó, lẹ́bàá Ìkòròdú, gbé àpò náílọ́ọ̀nù dúdú kan wá sí ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Gbogbo ìwé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló wà nínú àpò náà: káàdì ATM kan, ìwé báńkì méjì, rìsíìtì ilẹ̀ kan tí òjò ti pa tí íńkì rẹ̀ sì ti ṣàn, lẹ́tà kan láti iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àti ìwé ilé àtijọ́ kan tí ó ti gbó débi pé sẹlotéèpù ni wọ́n fi dè é pọ̀. Ọkùnrin náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Odógunyàn, kò sì kọ ìwé ìhágún kankan. Ó fi ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀; ìyàwó àgbà bí mẹ́ta, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan.

Ohun tó gbé wọn wá ni pé báńkì ti dá àkọ́bí padà. Orúkọ rẹ̀ ni bàbá kọ sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí next of kin, ó sì mú ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́tò lọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí ó lọ gba letter of administration. Ó bi wá pé, "Ṣebí orúkọ mi ni bàbá kọ síbẹ̀? Kí ló tún kù?" Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé káàkiri Ìkòròdú títí dé Ìmọ́tà, ohun tí ó sì ń dàrú mọ́ wọn lójú ni pé wọ́n fi orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí òfin yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ohun kan náà.

Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí túmọ̀ sí?

Ogún ni gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti ẹni tó kú ní ọjọ́ tó kú: owó, ilẹ̀, ilé, ọkọ̀, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, àti gbèsè tí òun náà jẹ. Àwọn ènìyàn a máa gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni gbèsè àti ìnáwó ìsìnkú ni a ń kọ́kọ́ yọ kúrò kí a tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni wá gba ìpín.

Ìwé ìhágún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wíìlì, ni ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí nígbà ayé rẹ̀ láti sọ ẹni tí òun fẹ́ kí ó gba ohun ìní òun lẹ́yìn ikú òun. Kò ní agbára kankan títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Nítorí náà, bàbá tí ó kọ ilé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lónìí lè ta ilé náà lọ́la, ọmọ náà kò sì ní ẹjọ́ tí yóò bá a rò. Ẹni tí olóògbé yàn sínú ìwé náà pé kí ó mú ọ̀rọ̀ òun ṣẹ ni alámùúṣẹ. Probate ni àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń jẹ́rìí sí i pé ìwé ìhágún náà jẹ́ ojúlówó àti pé alámùúṣẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ yóò fún àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí ni letter of administration, àwọn tí orúkọ wọn bá sì wà nínú rẹ̀ ni alákòóso ogún.

Ẹ wò ó báyìí: bí ìyá bá rán ọmọ lọ sí ọjà Sábó, tí ó fún un ní owó àti ìwé tí ó kọ ohun tí yóò rà sí, ọmọ náà jọ alámùúṣẹ, torí pé ẹni tó ni owó ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí ìyá bá sùn kó tó sọ̀rọ̀, tí àgbà ilé wá pe ọmọ kan pé kí ó gba owó náà, kí ó rà ohun tí ilé máa ń rà, ọmọ yẹn jọ alákòóso ogún. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí owó di tirẹ̀.

Ṣé next of kin kì í ṣe àrólé ni?

Kì í ṣe é. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báńkì ni ẹni tí báńkì yóò ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí ilé ìwé ṣe ń gba nọ́ńbà fóònù àǹtí kan tí ó ń gbé nítòsí kí wọ́n lè rí i pè bí ọmọ bá ṣubú. Àǹtí yẹn kò torí bẹ́ẹ̀ di ìyá ọmọ. Ọmọ Ìgbógbó yìí lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí yóò pín owó náà, ó sì lè wà nínú àwọn alákòóso, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ ọmọ olóògbé ni. Fọ́ọ̀mù kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá ni ó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ náà kò ní gba kọ́bọ̀.

Ibì kan wà tí orúkọ orí fọ́ọ̀mù ti lágbára ju báyìí lọ, ibẹ̀ sì ni owó ìbánigbófò ẹ̀mí, níbi tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti ń wo ẹni tí a dárúkọ pé kí a san án fún. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìdílé tí mo ń sọ, nítorí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kí ó má sì dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Bàbá náà kú sẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì dé iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ béèrè. Owó tó wà ní báńkì nìkan ni wọ́n ń sáré lé. Owó tí ó fi pamọ́ fún ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò béèrè ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí tàbí letter of administration kí wọ́n tó san án.

Káàdì ATM ńkọ́?

Nígbà tí lọ́yà na káàdì náà sókè tí ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti lò ó lẹ́yìn ikú bàbá, ilé pa lọ́lọ́. Ìyàwó kejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: wọ́n ti fi gba owó tí wọ́n fi ra pósí àti èyí tí wọ́n fi san owó ilé ìwé ọmọ. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ènìyàn bá ti kú, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan dúkìá rẹ̀ láìsí àṣẹ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí yóò jíhìn: àwọn tí olóògbé jẹ ní gbèsè lè pè é lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ajogún yòókù. Ẹni tó bá náwó lórí ìsìnkú kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, nítorí ìnáwó ìsìnkú tó bójú mu jẹ́ ohun tí a lè yọ padà fún un láti inú ogún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba letter of administration?

Mọ̀lẹ́bí yóò kọ́kọ́ jókòó, wọ́n yóò sì fi ẹnu kò lórí àwọn tí yóò jẹ́ alákòóso. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wọn kò gbọdọ̀ ju ẹni mẹ́rin lọ, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá sì wà nínú àwọn ajogún, ẹnì kan ṣoṣo kò tó. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi ni pé bí ìyàwó bá pọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní aṣojú nínú rẹ̀, torí ọmọ tí a kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìyá rẹ̀ sí i ni yóò lọ kọ ìwé àtakò nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò lọ sí ọ́fíìsì probate ti ilé ẹjọ́ gíga. Wọ́n yóò mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, wọ́n yóò kọ gbogbo dúkìá àti iye tí ó tó sílẹ̀, báńkì yóò jẹ́rìí sí iye tó wà nínú àkáǹtì, àwọn alákòóso yóò búra, àwọn oníduùró yóò sì fọwọ́ sí i pé bí àwọn wọ̀nyí bá kó owó ọlọ́mọ jẹ, àwọn yóò dáhùn fún un. Wọ́n yóò tẹ ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Owó tí ìjọba ń gbà wà ní ìbámu pẹ̀lú bí ogún náà ṣe tóbi tó, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń fi dúkìá pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù, àfi kí wọ́n tún padà wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tí báńkì kejì bá ní àkáǹtì tirẹ̀ kò sí nínú ìwé àṣẹ wọn. Ilé ẹjọ́ kì í fúnni ní letter of administration kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn ikú, bẹ́ẹ̀ ni kì í fúnni ní probate kí ọjọ́ 7 tó pé. Ní tòótọ́, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an.

Àwọn tí wọ́n bá gba ìwé yìí dà bí obìnrin tí ẹgbẹ́ gbé owó aṣọ ẹbí fún. Owó àádọ́ta ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì aṣọ, síbẹ̀ bí ó bá fi náírà kan nínú rẹ̀ ra gèlè ara rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló lè bá a jà. Alákòóso tó ta ilẹ̀ tí kò sì fi iye tó tà á han àwọn ajogún yòókù ti rú òfin, ilé ẹjọ́ sì lè gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mílíọ̀nù 12 kan náà: ta ni yóò gba kí ni?

Letter of administration kò sọ bí a ó ṣe pín ogún. Ó sọ ẹni tí yóò kó o jọ nìkan. Bí a ó ṣe pín in dúró lórí irú ìgbéyàwó tí olóògbé ṣe àti irú òfin tí ó fi ayé rẹ̀ tẹ̀ lé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé lẹ́yìn gbèsè àti ìsìnkú, mílíọ̀nù 12 náírà ló kù.

Bàbá Ìgbógbó yìí fi ìdáná nìkan gbé ìyàwó méjèèjì, nítorí náà àṣà Yorùbá ni ilé ẹjọ́ yóò wò. Àṣà náà ní kí a pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé iye ìyá tó bímọ fún olóògbé ni iye ọ̀nà tí a ó pín ogún sí. Ìyá méjì ló wà, nítorí náà mílíọ̀nù 6 lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyàwó àgbà, tí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba mílíọ̀nù 2. Mílíọ̀nù 6 yòókù sì jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, àkọ́bí rẹ́rìn-ín kíkorò, ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yóò wá gba ìlọ́po mẹ́ta tòun. Ọ̀nà kejì wà tí à ń pè ní orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń ka orí àwọn ọmọ láìwo ìyá wọn, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba mílíọ̀nù 3.

Èwo ni òfin fọwọ́ sí? Wọ́n ti ja ìjà yìí rí ní ilé ẹjọ́ Èkó lórí ogún Suberu Dawodu, ẹni tí ó kú ní 1940, tí ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyá mẹ́rin bí sílẹ̀. Ẹjọ́ náà, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, gùn dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, níbi tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, àti pé olórí ẹbí ló lè yan orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá wà láàárín àwọn ọmọ lórí bí a ó ṣe pín in. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìdílé lóde òní fẹ́ràn orí-ò-jorí, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu kíkò tàbí ìpinnu olórí ẹbí ni ó ń mú un wá, ọmọ kan kò lè dá jókòó kó ní ó di dandan.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò tíì dárúkọ ìpín kankan fún àwọn opó méjèèjì. N kò gbàgbé wọn. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Akinnubi ní 1997. Ìyàwó náà lè máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀, ipasẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì ni ogún fi ń kàn án. Opó tí kò bímọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká mọ́ jù lọ, tèmi sì ni pé kò dára, àmọ́ bí ó ṣe wà nìyẹn títí ọkọ yóò fi ṣe ohun tó yẹ nígbà tí ó wà láyé. Ti ọmọbìnrin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣà Yorùbá kì í fi ọmọbìnrin sẹ́yìn nínú ogún bàbá. Ní 1908 pàápàá, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ilé ẹjọ́ gbà pé lẹ́yìn tí dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù lè di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ká ní kọ́ọ̀tù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ ni ó ti gbé ìyàwó rẹ̀, ìṣirò náà yí padà pátápátá. Ìyàwó kan ṣoṣo ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn ohun ìlò inú ilé tí ó jẹ́ ti ìyàwó náà, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 4, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì pín mílíọ̀nù 8 tó kù lọ́gbọọgba, mílíọ̀nù 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí obìnrin kejì bí kò ní pàdánù ìpín tirẹ̀, nítorí abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a gbà bí ẹnikẹ́ni dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò ní rí nǹkan kan gbà.

Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìdílé sì gbà kí a pín in ní ìlànà Ìsìláàmù, àwọn ìyàwó méjèèjì ni yóò jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ, torí pé ọmọ wà. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, 750,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn òbí olóògbé bá ti kú, mílíọ̀nù 10.5 tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ, ọkùnrin yóò sì gba ìlọ́po méjì obìnrin: bí ó bá jẹ́ ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 3.5, obìnrin kọ̀ọ̀kan gba mílíọ̀nù 1.75. Ìlànà yìí kan náà kò fún Mùsùlùmí láyè láti fi ìwé ìhágún pín ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí ìdá náà lọ bá ẹni tí ó ti ní ìpín tẹ́lẹ̀ àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà. Ìjọba kò dá ilé ẹjọ́ Ṣàríà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí náà ìfẹnukò ìdílé níwájú àwọn áfáà ni ó sábà máa ń gbé e ró, kí wọ́n sì kọ ìfẹnukò náà sílẹ̀ kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Kí ló ń mú kí ìwé ìhágún dúró?

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìṣirò òkè yìí bá ẹbí òun ni ó ń kọ ìwé ìhágún. Òfin ìwé ìhágún tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 1990 kò béèrè ohun tó le púpọ̀. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ ti pé ọdún 18, kí orí rẹ̀ pé, kí ọ̀rọ̀ náà wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n wà níbẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ẹlẹ́rìí náà sì fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀. Èdè Yorùbá tó, ìwé àfọwọ́kọ tó, ìtẹ̀ka sì tó fún ẹni tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé a kà á fún un, a túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e kí ó tó tẹ̀ka.

"Lẹ́ẹ̀kan náà" ni ọ̀rọ̀ tó ń pa ìwé ìhágún àwọn àgbàlagbà. Mo rí ìwé bàbá kan láti Ìmọ́tà, ojú ewé méjì, tí ó fi bíírò búlúù kọ dáadáa ju ti akọ̀wé lọ. Ó fọwọ́ sí i ní òwúrọ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, àbúrò náà fọwọ́ sí i; nígbà tí wọ́n kí Jímọ̀ tán, ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iwájú mọ́sálásí, ọ̀rẹ́ náà sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí méjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí àwọn méjèèjì jọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé náà kò dúró.

Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé kò bàjẹ́, ẹ̀bùn ẹlẹ́rìí náà ni ó ṣòfò. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé torí òun nìkan ló mọ̀wé nínú ilé, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ yàrá méjì tí ìyá fún un nù. Ohun tí ó bá ṣòfò báyìí a máa wọ inú ìyókù, ìyẹn ni dúkìá tí a kò dárúkọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí gbogbo ìwé ìhágún sọ ẹni tí yóò gba ìyókù.

Ìgbéyàwó tuntun náà ń pa ìwé ìhágún. Bí opó-kùnrin bá ti pín ilé rẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú ìwé, tí ó wá lọ gbé ìyàwó ní kọ́ọ̀tù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé àkọ́kọ́ ti kú nìyẹn, àfi kí ó kọ òmíràn. Ìgbéyàwó ìdáná nìkan kì í pa á. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí nǹkan díẹ̀ padà, kí ó má ṣe fi bíírò fa ìlà sí ìwé náà. Kí ó kọ àfikún, kí ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́.

Ṣé bàbá lè yọ ọmọ tàbí ìyàwó kúrò pátápátá? Ó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin 1990 yẹn gba ọkọ, aya tàbí ọmọ tí ìwé náà kò pèsè ohun tó tó fún láyè láti lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó fún òun ní ìpèsè láti inú ogún náà, kí ó sì ṣe é láàárín oṣù mẹ́fà tí probate jáde. Nítorí náà, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní kí bàbá kọ ìdí tí ó fi fún ẹnì kan ní díẹ̀.

Àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu lójú ikú, "bàbá ní kí n mú ilẹ̀ Ìsáwo", àṣà lè gbà á bí àwọn tí ó gbọ́ ọ kò bá ní ìpín nínú rẹ̀, tí ohun tí ó ní lọ́kàn sì hàn kedere. Báńkì kò ní gbà á.

Ohun wo ni a kò lè kọ sínú rẹ̀?

Òfin 1990 náà fi gbólóhùn kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í kà: kò kan dúkìá tí àṣà kò fún olóògbé lágbára láti fi fún ẹnikẹ́ni. Ilé ẹbí ni èyí ń tọ́ka sí. Nígbà tí bàbá àgbà bá kú láìsí ìwé ìhágún, ilé tí ó kọ́ di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá iwájú kò ní yàrá iwájú, ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀ ni ó ní. Kò lè tà á, kò lè fi yá owó ní báńkì, kò sì lè kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Bí àwọn kan nínú ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà jẹ́ asán láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù ṣe, àwọn yẹn lè lọ fagi lé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè ṣe é.

Èyí túmọ̀ sí pé ilé tí bàbá Ìgbógbó fúnra rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tí rìsíìtì rẹ̀ ti ṣàn yẹn, nítorí pé kò kọ ìwé ìhágún, ti di ilé ẹbí àwọn ọmọ mẹ́rin náà láti ọjọ́ tí ó kú. Ìyàwó àgbà, tí ó fi owó ẹja gbígbẹ rẹ̀ ra sìmẹ́ǹtì ilé yẹn láti ìpìlẹ̀, dákẹ́ nígbà tí lọ́yà sọ èyí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé rìsíìtì sìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ òun, nínú páànù bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́yà sún àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó ní kí ó gbé páànù náà wá ní ọjọ́ Ajé, torí ẹni tó dá owó sí ilé kíkọ́ lè bá ilé ẹjọ́ sọ pé apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe ogún rárá, tòun ni.

Níbo ni kí a tọ́jú ìwé ìhágún sí?

Kì í ṣe inú Bíbélì, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ́fíìsì probate ti ilé ẹjọ́ gíga ń gba ìwé ìhágún tí a fi èdìdì dì pa mọ́ fún ẹni tó kọ ọ́, wọn kò sì ní ṣí i títí ó fi kú. Kí alámùúṣẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹni tí a fẹ́ yàn ní alámùúṣẹ, kí a bi í bóyá ó gbà kí a tó kọ orúkọ rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ ìsìnkú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó ní ọmọ kékeré lè dárúkọ alágbàtọ́ wọn nínú ìwé náà pẹ̀lú.

Kí mọ̀lẹ́bí Ìgbógbó tó lọ ní ọjọ́ yẹn, lọ́yà tú àpò náílọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì, mo sì ń fi ìwé kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé tirẹ̀: ti báńkì lọ́tọ̀, ti owó ìfẹ̀yìntì lọ́tọ̀, rìsíìtì ilẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ pé kí a wá sọ̀fíyọ̀ tí ó wọn ilẹ̀ náà kàn. Ó ku ìwé ilé àtijọ́ tí wọ́n fi sẹlotéèpù dè. Orúkọ bàbá bàbá wọn ló wà lórí rẹ̀. Lọ́yà yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí àpòòwé fún ìyẹn lọ́dọ̀ wa, ó sì dá a padà fún àbúrò olóògbé tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí í ṣe olórí ẹbí nísinsìnyí.